Owó Tán, Oṣù Ò Tán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò Under G ni mo sì ń gbé. Ìyá mi, tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí mi, nǹkan bíi ₦60,000 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí ọjà bá ṣe tà ni owó ṣe ń dé. Kì í pẹ́ tán, n kì í sì í lè tọ́ka sí ohun gidi kan tí mo fi rà. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ènìyàn fi ìdajì owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà, kí ó fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe fàájì, kí ó sì fi ìdá 20 pamọ́. Mo dán an wò, kò bá mi lára mu. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe máa ṣọ́ owó yìí? Àbí kí n kúkú gba owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́?

ÌDÁHÙN: Ìlànà tí o rí yẹn, ẹni tó ń gba owó oṣù ni wọ́n ṣe é fún. Ó gbà pé owó yóò wọlé ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, ó sì gbà pé ohun kan yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ. Ti orí àtẹ èlùbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà má fi oṣù ṣe òṣùwọ̀n mọ́, ọjọ́ ni kí o máa kà.

Nígbà tí owó bá dé, bi ìyá rẹ léèrè ìgbà tí ó rò pé òmíràn lè tẹ̀ lé e, kí o sì fi ọjọ́ díẹ̀ kún ohun tí ó bá sọ. Ká ní ó di ọjọ́ 35, kọ́kọ́ yọ ohun tí kò ṣeé yẹ̀, bí owó iná, dátà àti fọ́tòkọ́pì. Tí ìwọ̀nyí bá gba ₦11,000, ₦49,000 ni ó kù, ìyẹn ₦1,400 lójúmọ́. Owó yìí kéré fún ẹni tí ń jẹun ní búkà láàárọ̀ àti lálẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òun àti ará yàrá rẹ̀ bá da owó pọ̀, tí wọ́n ra gààrì àti ẹ̀wà ní kóńgò kóńgò ní Sábó, lè fi í ṣe nǹkan.

Ìwé kékeré kan àti bírò ti tó fún àkọsílẹ̀ ohun tí o bá ná, kí o máa kọ ọ́ lálaalẹ́ kí o tó sùn. Má gbára lé áàpù báǹkì nìkan, nítorí tí o bá gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS, ìlà kan ṣoṣo ni yóò fi hàn ọ́, kò ní sọ ibi tí owó náà gbà lọ. Wo irú ojú ìwé tí mo ní lọ́kàn: ọkadà lílọ bíbọ̀ ₦400, àkàrà pẹ̀lú ẹ̀kọ ₦500, dátà tí ará yàrá ní kí o bá òun rà ₦500, omi tútù àti bisikíìtì ₦300, alẹ́, gààrì inú ilé. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,700. O ti fi ₦300 kọjá, ọ̀la sì ni yóò san án, nítorí náà ₦1,100 ni o ní lọ́la. Ìyọkúrò yìí gan-an ni iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń kọ ọ́ láìyọ ọ́, ìtàn ló ń kọ.

Wo ₦500 ti ará yàrá yẹn dáadáa. Ohun tí ọ̀rẹ́ bá yá lọ́wọ́ rẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí o ti ná. Ọjọ́ tí ó bá dá a padà, kọ ọ́ bí owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ka owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ tiwọn, tí wọ́n sì ń ná an sílẹ̀ de ọjọ́ tí yóò dé.

Owó báǹkì náà ń jò díẹ̀díẹ̀. Tíránsífà tí kò ju ₦5,000 lọ ń gba ₦10, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000 ń gba ₦25. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀rọ ATM báǹkì mìíràn ń yọ ₦100, ó kéré tán, lórí ₦20,000, ṣùgbọ́n ti báǹkì rẹ kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan. Gba owó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá gbà láti san owó lọ́jọ́ náà.

Ní ti owó ìjọba, ₦20,000 lóṣù ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ fún bùkátà, kò sì ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí o bá ti ríṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ ni wọn yóò sì máa yọ. Tí o bá gbà á, má pín in mọ́ owó ojúmọ́. Dátà, iná àti ìwé ni kí o fi í ṣe, kí owó ìyá rẹ lè dúró fún oúnjẹ, nítorí owó NELFUND lè pẹ́ kí ó tó wọlé. Kí o sì sọ fún ìyá rẹ pé o gbà á, gbèsè ni.