Èènì Tí Kò Ṣeé Gbé Relé: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Bónọ́ọ̀sì Tẹ́tẹ́

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀ yìí ń lé kiri: owó tí àwọn oníkànnì tẹ́tẹ́ fi ń kíni káàbọ̀, tí kò wá ṣeé gbà. A ò ní kí ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa tẹ bọ́tìnnì yẹn, kó mọ ohun tó ń tẹ̀.

*Mo san ₦10,000 sórí ìkànnì kálòkálò kan, wọ́n fi ₦10,000 kún un. Mo ta á títí owó inú àkáǹtì mi fi di ₦31,000. Ìgbà tí mo fẹ́ gbà á, wọ́n ní ó ku ₦268,000 tí mi ò tíì ta. Níbo ni wọ́n ti rí iye yẹn? — Òǹkàwé, Ìbàdàn*

Ẹ padà lọ wo abẹ́ ìpolówó náà, níbi tí lẹ́tà ti wínníwínní. Ó dá wa lójú pé ẹ máa rí "35x" níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò ní tú bónọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, àti ohun tí ẹ fi jẹ, àfi tí ẹ bá ti ta tẹ́tẹ́ tó tó ìlọ́po 35 rẹ̀. ₦10,000 lọ́nà 35 jẹ́ ₦350,000. Ẹ ti ta ₦82,000, ó ku ₦268,000. Wọn ò ṣi ìṣirò.

Kì í ṣe pé kí ẹ gbé ₦350,000 wá láti ilé. Owó kan náà ló ń yí po: ẹ ta ₦200, ẹ jẹ ₦150, ẹ tún fi ₦150 yẹn ta, ₦350 ti wọnú ìṣirò nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ń yí ni ẹ̀rọ ń bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé àlàyé inú kálòkálò náà, ẹ máa rí RTP. Tó bá jẹ́ 96%, a jẹ́ pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí àwọn èèyàn bá ta, ₦96 ló ń padà sọ́dọ̀ wọn tí a bá pín in dọ́gba, ₦4 sì jẹ́ ti onílé, ìyẹn àwọn tó ni eré náà. ₦4 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ₦350,000, jẹ́ ₦14,000. Ẹ fẹ́ ná ₦14,000 láti gba ₦10,000. Ìpíndọ́gba ni o: ẹnìkan á jẹ, ọ̀pọ̀ ni owó wọn á ti tán kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà.

Ìyá onírẹsì tó bu èènì sínú àpò yín, ó ti di tiyín, ẹ ń gbé e lọ. Èènì ti ibí yìí, ẹ gbọ́dọ̀ padà wá ra ìrẹsì nígbà 35 kó tó di tiyín.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi òǹkà náà lọ́po, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan ń lọ́po bónọ́ọ̀sì nìkan. Àwọn mìíràn ń lọ́po bónọ́ọ̀sì àti owó tí ẹ san, papọ̀. Lọ́wọ́ àwọn yẹn, ₦20,000 lọ́nà 35 ni: ₦700,000, ìpín onílé sì di ₦28,000. Nítorí náà, "30x" lórí owó méjèèjì, tó dà bíi pé ó rọ̀ jù, le ju "45x" lórí bónọ́ọ̀sì nìkan lọ: ₦600,000 ni ti àkọ́kọ́, ₦450,000 ni ti èkejì.

*Mo ta ₦60,000 lórí roulette (àgbá onínọ́ńbà tí wọ́n ń yí), síbẹ̀ ìlà tó ń fi ibi tí mo dé hàn kò sún ju ₦6,000 lọ. Ṣé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ ni? — Òǹkàwé, Òṣogbo*

Kò bàjẹ́. Eré kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kálòkálò sábà máa ń wọlé ní 100%, roulette àti blackjack (eré káàdì) lè jẹ́ 10%, wọ́n tilẹ̀ lè jẹ́ òfo. Lọ́dọ̀ yín, 10% ni. Ìdí rẹ̀ ni pé roulette ti Yúróòpù ní òǹkà 37, 0 kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìpín onílé kò sì ju 2.7% lọ. Èèyàn sì lè fi owó sórí pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa yí i láìfi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Wọ́n mọ ọgbọ́n yẹn, wọ́n sì ti dí i. Ní 10%, ₦350,000 ti òǹkàwé wa n'Íbàdàn yẹn di ₦3,500,000.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà nínú ojú ewé òfin, ẹ wá iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè ta lẹ́ẹ̀kan nígbà tí bónọ́ọ̀sì bá wà lára yín. Ká ní ₦2,000 ni wọ́n kọ. Tí ẹ bá ta ₦2,500 lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n lè fagi lé gbogbo ohun tí ẹ jẹ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lórí ìkànnì púpọ̀, ẹ̀rọ kì í dá yín dúró. Á gba ₦2,500 náà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ẹ̀rín, ó di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbowó kí ẹnìkan tó ṣí ìwé ìtàn àkáǹtì yín wò. Bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ẹ ra eré ọ̀fẹ́ nínú kálòkálò ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ báyìí, torí owó tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ìlọ́po 100 ohun tí ẹ ń ta.

Gbèdéke ọjọ́ náà ń bẹ. ₦350,000 ní ọjọ́ 7 jẹ́ ₦50,000 lójúmọ́. Tí ẹ bá ń ta ₦200, ìgbà 250 ni ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóòjọ́.

*Wọ́n fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ₦1,000 fún bọ́ọ̀lù. Ọ́ọ̀dì (òǹkà tí wọ́n fi ń lọ́po owó tí èèyàn ta) 2.50 ni mo fi ta, mo jẹ, ṣùgbọ́n ₦1,500 ni mo rí. ₦1,000 mi dà? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta*

Kì í ṣe tiyín rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sábà máa ń san èrè nìkan, owó tí wọ́n fi ta kì í padà wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi lérè láti fi irú rẹ̀ ta ọ́ọ̀dì kékeré: 1.20 máa fún yín ní ₦200. Wọ́n tún lè ní kí ó jẹ́ eré mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ́ọ̀dì kọ̀ọ̀kan má sì wálẹ̀ ju 1.40 lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá tà padà kí eré tó parí sábà máa ń jáde kúrò nínú ìṣirò.

*Ọmọ mi ní òfin ti yí padà níbí, pé wọn ò gbọdọ̀ béèrè ju ìlọ́po 10 lọ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé, Peckham, London*

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ 19 oṣù January ọdún 2026, Gambling Commission, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Britain, ti fi ìlọ́po 10 ṣe òpin rẹ̀. Wọn ò sì gbọdọ̀ ní kí ẹ ta bọ́ọ̀lù àti kálòkálò papọ̀ kí ẹ tó gba èènì kan ṣoṣo mọ́. £10 lọ́nà 10 jẹ́ £100. Ìpín onílé ní 4% jẹ́ £4, ó ku £6 fún yín ní ìpíndọ́gba. Ẹ fi wé ti òǹkàwé wa n'Íbàdàn.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ nìkan ni òfin yìí dè. Ìkànnì tó bá ń fi "not on GAMSTOP" polówó ara rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà lẹ́yìn odi. GAMSTOP ni ètò tí èèyàn fi ń ti ilẹ̀kùn tẹ́tẹ́ mọ́ ara rẹ̀ fún oṣù 6, ọdún 1 tàbí ọdún 5, kò sì ṣeé ṣí kí àkókò náà tó pé. Òfin yẹn kò sì dé Nàìjíríà. Níbí, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù November ọdún 2024 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà.

*Ṣé mo lè kọ bónọ́ọ̀sì náà? — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ lè kọ̀ ọ́. Ẹ yọ àmì inú àpótí bónọ́ọ̀sì kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wọn kí ẹ tó ta ohunkóhun. Tó bá ti wọlé, ẹ wo owó wo ni wọ́n kọ́kọ́ ń ná. Tó bá jẹ́ tiyín ló ń ṣáájú, tí ẹ sì jẹ nígbà tí bónọ́ọ̀sì ṣì wà ní títì, ẹ lè fagi lé bónọ́ọ̀sì kí ẹ sì gba èyí tí ẹ jẹ. Tí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, fífagi lé e lè kó èrè yín lọ. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé òfin náà tòun ti déètì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, kí orúkọ àkáǹtì tẹ́tẹ́ yín sì bá ti báńkì mu lẹ́tà sí lẹ́tà.