Oníṣu àti Síìpù Mẹ́rin

Aránṣọ ni ẹni tó kọ̀wé sí mi láti Adó-Èkìtì, ọmọ ọdún 34. Ó ní lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin tí wọ́n ti bá òun ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ já òun sílẹ̀, òun sì búra níwájú ìyá òun pé òun àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti parí. Ní báyìí, ọkùnrin oníṣu kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ní ọmọbìnrin kan, ti kó sí òun lọ́kàn. Ṣé ìbúra yẹn ò ní ja òun báyìí?

Àbúrò mi, má bínú, mo rẹ́rìn-ín. O ní o ò wojú ọkùnrin mọ́, síbẹ̀ o mọ ìró ọ̀kadà rẹ̀ kó tó yọ ní kọ́nà. O ní ó gbé ṣòkòtò wá fún síìpù lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù kan. Ṣòkòtò mélòó ni oníṣu ní?

O ò fẹnu kan irin, o ò gbọ́wọ́ lé Bíbélì. Ẹkún ló ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí iná bá jó obìnrin Èkìtì, tó ní òun ò dáná mọ́ láé, kó tó di alẹ́ a ó ti máa gbọ́ ìró odó rẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọkùnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Ó ní kí ẹ jọ lọ wo omi Ìkọgosì, ẹ̀ẹ̀mejì lo ní iṣẹ́ pọ̀. Òun á rò pé o ò fẹ́ràn òun ni. Lọ. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kó mú ọmọ rẹ̀ dání, kó o wo bó ṣe ń ṣe sí i nígbà tó bá ti rẹ ọmọ. Ẹ jókòó níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù, kó o sọ ohun tójú rẹ rí fún un. Kó o sì bi í léèrè bóyá ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣì ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti pa ẹbí olóògbé tì, èmi ò ní bá ọ tì í lẹ́yìn.

Màmá rẹ tó ò ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi ìbúra náà bú ọ ńkọ́? Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń gbàdúrà lórí rẹ, wọn ò ní rántí ìbúra kankan. Àmọ́ má tíì sọ fún wọn kó o tó ti Ìkọgosì dé. Wọ́n á ti yan aṣọ ẹbí, ìwọ náà ni wọ́n á sì ní kó rán an.