Èsì: Ìdí tí iná tí ẹ ṣírò fi kéré sí ti mítà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní iná tí ìṣirò yín gbé jáde fún ọkọ̀ ojú irin náà kéré sí èyí tí mítà kà. Ìpíndọ́gba eré tí ẹ lò ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ìpíndọ́gba á mú kí ìdènà náà kéré ju bó ṣe rí lọ; ẹ fi eré ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù náà ńkọ́? Ó ń jẹ iná kódà bí ọkọ̀ bá dúró (ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí).

Ní ti bí ẹ ṣe lè dín iná tí ọkọ̀ ń jẹ kù, kí awakọ̀ tètè pa agbára mọ́tò kó tó dé ibùdókọ̀, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bíréèkì tó ń dá iná padà sórí wáyà tó ń fún ọkọ̀ níná dára, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí tó máa lò ó, ooru lásán ló sábà máa ń dà.