Abeokuta Formation kì í ṣe Olúmọ

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ òkúta ń pè ní "Abeokuta Formation" (àkójọ ìpele òkúta tí wọ́n fún ní orúkọ kan ni "formation"), ẹ kú ìbéèrè. Ẹni tó dá yín lóhùn pé Olúmọ ni ti ṣì yín lọ́nà, ó sì ká mi lára. Akọ òkúta ni Olúmọ, iná inú ilẹ̀ ló yọ́ ọ kó tó dì. Òkúta yanrìn ni Abeokuta Formation: omi ló kó yanrìn wá, tó tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele lé akọ òkúta lórí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Orí òkúta ló wà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Ó sì ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 66.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí gan-an ni òfin àwọn onímọ̀ òkúta. Orúkọ ibi tí wọ́n ti rí òkúta ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe orúkọ ẹni tó rí i. Àwọn onímọ̀ òkúta Jones àti Hockey ló ṣàpèjúwe Abeokuta Formation ní 1964. Omatsola àti Adegoke là á sí mẹ́ta ní 1981: Ise, Afowo, Aráròmí. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ló gùn ún lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí. Agbẹ́kànga ni bàbá mi ní agbègbè Ìjẹ̀bú Òde. Bó bá kọjá yangí, tó kan yanrìn, á bu díẹ̀, á fi àtàǹpàkò yí i lọ́wọ́. "Èyí ṣì léyín," ni yóò wí, ìyẹn ni pé igun rẹ̀ ṣì mú, kò tíì rìn jìnnà kúrò lára òkúta tó bí i. Èyí tó bá ti yí kiribiti, ó ní omi ti gbé e káàkiri. Bó bá kan amọ̀ funfun láàárín yanrìn, á dárúkọ rẹ̀, á sì sọ ìjìnlẹ̀ tó ti bá a. Kò mọ ìwé, àmọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ òkúta ń kọ sílẹ̀ náà nìyẹn. Lónìí, "ilẹ̀ pupa" ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa, yangí pàápàá ti di àjèjì! Ó dùn mí púpọ̀.

Bí ẹ bá gba agbègbè Ìjẹ̀bú Òde kọjá, tí ẹ rí ibi tí wọ́n ti gé òkè lẹ́bàá títì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ bu yanrìn rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì léyín.