Èsì: Ṣé ó tọ́ kí ọlọ́pàá yìnbọn lu adigunjalè láàárín ọjà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ṣé ó tọ́ kí ọlọ́pàá máa yìnbọn lu adigunjalè nígbà tí èrò kún Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Tí olè bá na ìbọn sí èèyàn, ọlọ́pàá lè yìnbọn láti gba ẹ̀mí là. Abala 33 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fàyè gbà á, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe gbà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àárín ìsọ̀ wọ̀nyẹn: ẹni méjì tó ru ẹrù gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn kí wọ́n tó lè kọjá lára ara wọn. Ọta tó bá tàsé olè, ìyá aláta ló máa bá. Kí wọ́n jẹ́ kó jáde sí títì ná, kí wọ́n sì dínà mọ́ ọn níbẹ̀.

Èyí tó ti ju ìbọn sílẹ̀, tó nawọ́ sókè ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ni kí wọ́n gbé e lọ. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ "ẹ pa á dànù." Tó bá ti kú, ta ló máa sọ ẹni tó fún un níbọn?

Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí: òfin ọdún 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà ní kí gbogbo ilé ìwòsàn, tìjọba àti aládàáni, tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, ìbáà san owó tàbí kò san. Àwọn fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ní tẹ́ṣàn, ẹ má gbà fún wọn.