Èsì: Sákíìtì ń ṣìṣe ní 0.5 V

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ rẹ iná sílẹ̀ láti 1.0 V sí 0.5 V, ẹ dín iyára clock (àmì tó ń darí ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wáyé nínú sákíìtì) kù sí ìdajì, síbẹ̀ àbájáde ń dàrú. Ìdajì yẹn gan-an ni wàhálà. Bí iná bá ti ń sún mọ́ threshold àwọn transistor (ìwọ̀n iná tí wọ́n fi ń ṣí), ìfàsẹ́yìn gate (àkójọ transistor kékeré tó ń ṣe ìṣirò) kì í ṣe ìlọ́po méjì mọ́. Ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Níbẹ̀, òtútù ló sì ń fa gate sẹ́yìn, kì í ṣe ooru!

Ẹ fi ring oscillator (àwọn gate tí a so yípo, tí àmì ń yí lọ yí bọ̀ nínú wọn) ṣe clock, kó máa jẹ iná kan náà pẹ̀lú sákíìtì yín kí méjèèjì lè jọ máa lọ́ra, kó sì wà nítòsí ọ̀nà tí àmì ti ń pẹ́ jù nínú sákíìtì náà. Ẹ má to inverter (gate tó kàn ń yí àmì padà) lásán jọ: irú gate NAND àti wáyà gígùn tó wà ní ọ̀nà yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Iye gate tó ń yí àmì padà kò gbọdọ̀ ṣeé pín sí méjì geerege, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ring oscillator náà kò ní mì rárá.

Ẹ fi àlékún díẹ̀ sí àkókò tí clock náà ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí iná bá já wálẹ̀ lójijì, àmì tó ti wọnú clock tree (àwọn wáyà tó ń pín clock káàkiri sákíìtì) ṣáájú kò ní mọ̀. SRAM (ibi ìrántí inú sákíìtì) ńkọ́? Ẹ fún un ní iná tirẹ̀ tó ga ju 0.5 V lọ, kẹ́ ẹ fi level shifter (èyí tó ń yí àmì láti ìwọ̀n iná kan sí òmíràn) sáàárín.