Ọmọ mi ń kólòlò: ṣé kí n máa tún ọ̀rọ̀ ṣe fún un ni, àbí kí n dákẹ́?

Ìyá kan kọ̀wé sí wa pé: “Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 4. Ẹnu rẹ̀ já gaara tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí oṣù 8 sẹ́yìn ló ti ń kólòlò. Nígbà míì ọ̀rọ̀ kò ní jáde rárá, á kàn máa ṣẹ́jú. Bàbá rẹ̀ máa ń ní kó mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 7, ló máa ń bá a parí ọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun ò lè sọ ọ́, ó bá dákẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan ń kólòlò dòní. Mo jágbe mọ́ ọn gan-an lọ́jọ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi ni mo fà á? Kí ni mo lè ṣe nílé? Ṣé àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún kan kò ní kó o lára rẹ̀?”

Ẹ kú làálàá ọmọ, ìyá wa. Ìjágbe ọjọ́ yẹn kọ́ ló fà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹrù yẹn sórí mọ́. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà to ọ̀rọ̀ kó tó dé ẹnu ló yàtọ̀ díẹ̀ lára ọmọ tó ń kólòlò, ó sì sábà máa ń wà nínú ẹbí, bó ṣe wà lára àbúrò bàbá rẹ̀. Láàárín ọdún 2 sí 5 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ní àsìkò tí gbólóhùn ọmọ ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lójijì, kí ẹnu tó já gaara lánàá máa há lónìí. Ìdí nìyẹn tí òbí fi máa ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì yẹn, tí wọ́n á sì rí nǹkan kan tí wọ́n á dì mú.

Kò sí ọmọdé tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. “Mo fẹ́, mo fẹ́ lọ síta” kò burú. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kù ni. Èyí tó jẹ́ ìkólòlò ni kó máa tún ìró kan ṣoṣo pè, “m-m-m-mo fẹ́”, tàbí kó fa ìró gùn, tàbí kí ẹnu là kí ohùn má jáde. Ẹ̀kẹta yìí ló nira jù, torí pé ọmọ ń fi agbára ti ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣíṣẹ́jú tẹ́ ẹ rí yẹn, ara agbára náà ni. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ wá gbà pé ṣíṣẹ́jú ló yọ ọ́. Tó bá pẹ́, ṣíṣẹ́jú á di bárakú, ọ̀rọ̀ á sì tún máa há síbẹ̀.

Àwọn èèyàn á sọ fún yín pé á fi í sílẹ̀ tó bá dàgbà. Òótọ́ wà níbẹ̀: nínú ọmọdé 100, bí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń kólòlò ní àsìkò kan, àmọ́ láàárín àgbàlagbà, bí 1 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yín ti ju oṣù 6 lọ, ọkùnrin ni, ẹnì kan sì wà nínú ẹbí tí tiẹ̀ kò lọ. Ó ń bá ọ̀rọ̀ jà, òun fúnra rẹ̀ sì ti mọ̀. Tiyín kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wò níran. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tí ilé ìwòsàn ń pè ní speech therapist, lóṣù yìí. Gbogbo ohun tá a máa sọ nípa ilé kò rọ́pò ìyẹn, ó ń tì í lẹ́yìn ni.

Nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ọ lẹ máa yí padà, ẹ fi ẹnu ọmọ sílẹ̀. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí “mí kanlẹ̀” tí bàbá rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ kò dáa. Iṣẹ́ rẹ̀ tún ti di méjì: kó rántí ohun tó fẹ́ sọ, kó sì máa ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Mímí kanlẹ̀ náà lè dà bíi ṣíṣẹ́jú, kó máa fa èémí sínú kó tó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí bàbá rẹ̀ dẹ ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ dípò ìyẹn. Tí ọmọ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ka ení, èjì sínú kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa dánu dúró díẹ̀ láàárín: “Mo ti rí bàtà rẹ… ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn… lọ mú un wá.” Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ṣe nìyí o: wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ gùn gbọọrọ bíi rọ́bà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á dàrú, ọmọ á sì rò pé wọ́n ń sín òun jẹ. Ìdákẹ́ àárín yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ pe ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń pè é. Ẹ má sì ní kóun náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó ń kánjú nínú yàrá, òun náà ò ní rí ohun tó ń lé òun.

Ìbéèrè ńkọ́? “Kí lẹ ṣe nílé ìwé? Ta lo bá ṣeré? Ṣé o ti jẹun?” Mẹ́ta ti jáde, ìdáhùn kan ò tíì bọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, kẹ́ ẹ sì dákẹ́: “Iyanrìn kún ẹsẹ̀ rẹ, ó jọ pé ẹ ṣeré gan-an.” Tó bá wù ú, á dáhùn.

Èyí tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní dandan ni ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, kí òbí kan àti ọmọ náà nìkan jókòó sílẹ̀, kí ojú yín dọ́gba, kí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, kí fóònù wà ní yàrá míì. Kí bàbá ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ ní tiyín. Ọmọ ni kó mú eré tó fẹ́: mọ́tò kékeré, àwòrán yíyà, ilé kíkọ́. Eré orí fóònù àti eré sáré-kí-n-lé-ọ kò dáa fún èyí, torí wọn kì í fi àyè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá. Ẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo fi dánra wò lọ́sẹ̀ kan: ọ̀sẹ̀ kìíní, ìdákẹ́ kẹ́ ẹ tó dáhùn, ọ̀sẹ̀ kejì, dídín ìbéèrè kù. Òbí tó bá kó gbogbo rẹ̀ papọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo á gan bí igi, ọmọ á sì mọ̀. Ẹ má sọ ìṣẹ́jú 5 di 30 torí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn, nítorí ìyẹn ló ń mú kí ọjọ́ kejì ṣòro. Tí ọmọ bá sì ṣẹ̀, ẹ bá a wí bẹ́ ẹ ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣẹ́jú 5 rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rọrùn. Ẹ wá nǹkan kan, ṣíbí onígi tàbí bọ́ọ̀lù kékeré. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù ń gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjókòó ráńpẹ́ kan lóòjọ́, kí òun náà sì ní ìpín tiẹ̀, kó má bàa dà bíi pé nítorí àbúrò ni wọ́n ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Tí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu, ẹ wo ojú rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, ẹ má tẹjú mọ́ ẹnu, ẹ má parí rẹ̀ fún un. Ẹ dúró. Ohun tó sọ ni kẹ́ ẹ dáhùn, ẹ má dáhùn bó ṣe sọ ọ́. Ní ti ọjọ́ tó ní òun ò lè sọ ọ́ yẹn, tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde ní ìrọ̀rùn: “Ọ̀rọ̀ yẹn há díẹ̀, àbí? Ó máa ń ṣe àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Mi ò kánjú, mò ń gbọ́ ẹ.” Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé dídárúkọ rẹ̀ á mú un le sí i. Ìdákẹ́ àti ojú tí gbogbo ilé ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń kọ́ ọmọ pé ohun ìtìjú ni. Ní ọjọ́ tó bá le, ẹ jọ kọrin tàbí kẹ́ ẹ jọ ka nǹkan pa pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kólòlò kì í kólòlò nínú orin. Ẹ má sì pè é síwájú àlejò kó wá fi ọ̀rọ̀ hàn.

Ẹ máa kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ lálẹ́, láti 0 tí kò kólòlò rárá, títí dé 9 tó le jù, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i: ó rẹ̀ ẹ́, àlejò pọ̀, inú rẹ̀ dùn jù. Ìkólòlò máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Láìsí ìwé yẹn, ọjọ́ burúkú kan á bo ọjọ́ mẹ́fà tó dára mọ́lẹ̀. Ẹ gba fídíò ìṣẹ́jú 10 bó ṣe ń ṣeré, kẹ́ ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ náà, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnu rẹ̀ já geere níbẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ pé òbí máa ń yin ọmọ fún ọ̀rọ̀ tó já geere. Ìtọ́jú kan wà tó ń lò ó, Lidcombe ni wọ́n ń pè é, ní Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ló ń kọ́ òbí ní ìgbà tí wọ́n á yìn ín àti iye ìgbà. Tí òbí bá dá a ṣe lórí àgbọ́sọ, ohun tí ọmọ á kọ́ ni pé ìgbà tí òun bá kólòlò ni òun kò wúlò. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, gígé awọ abẹ́ ahọ́n kò sì kan ọ̀rọ̀ ìkólòlò.

Àbúrò rẹ̀ kò ní kó o. Torí pé ó wà nínú ẹbí, ẹ kàn máa fetí sí i nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ pọ̀; tí ìró bá ń há a lẹ́nu, ẹ tètè mú òun náà lọ, ẹ má jẹ́ kó di oṣù 8.